Sípíkà Méjì Tàbí Márùn-ún? Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Ẹ̀rọ Orin Pẹ̀lú Owó Díẹ̀

Bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé ni ìwé ìtọrọ ẹ̀yáwó máa ń pọ̀ sí i, kì í sì í ṣe ọjà títà nìkan ni àwọn ènìyàn ń yá owó fún. Àwọn kan fẹ́ ra ẹ̀rọ orin olóhùn yíká, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní home theatre ní ọjà Alábà: sípíkà kéékèèké márùn-ún, wúfà kan, áńpù àti ẹ̀rọ tí à ń ti àwo bọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó ti ń ta ọjà láti àárọ̀ yẹ kó rí orin gbọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa san ẹ̀yáwó oṣù 12 lórí ohun tí ohùn rẹ̀ ti ya kí oṣù 6 tó pé, ìyà ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú orin fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Àwo ayé àtijọ́, irú èyí tí Túndé King ṣe ní 1936, ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo ni ó ní. Sípíkà kan tó fún un. Ní 1931 ni Alan Blumlein ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí bí a ṣe lè gba ohùn sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Ó di nǹkan bí 1958 kí irú àwo bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní stẹ́rió, tó kún ọjà. Láti ìgbà náà, ọ̀nà méjì yìí ni ọ̀pọ̀ jùlọ orin tí à ń gbọ́: àwo ńlá Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, fújì Barrister, títí dé èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi fóònù gbọ́ nísinsìnyí.

Sípíkà márùn-ún ńkọ́? Sinimá ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1992 ni ilé-iṣẹ́ Dolby gbé ètò tirẹ̀ tí ó ní ọ̀nà ohùn márùn-ún, àti ẹyọ kan fún ohùn ìsàlẹ̀, wọ ilé sinimá, kí ìbọn lè dún lẹ́yìn ẹni tó ń wòran. Ṣáájú ìgbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣòwò ti gbé sípíkà mẹ́rin jáde fún orin. Àwọn ilé-iṣẹ́ kò fẹnu kò, àwo ti èyí kò bá ẹ̀rọ ti tọ̀hún mu dáadáa, kí ọdún mẹ́wàá náà sì tó parí ọjà ọ̀hún ti kú. Òótọ́ ni pé láti 2019 ni orin Dolby Atmos ti wà fún ẹni tó ń san owó oṣooṣù, ohùn sì ń yí ènìyàn ká nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti àwo ọ̀nà méjì bọ ẹ̀rọ sípíkà márùn-ún, ńṣe ni ẹ̀rọ náà ń méfò: yóò da ohùn kan náà sí gbogbo wọn, tàbí kí ó ṣírò ohun tó rò pé ó yẹ kó wà lẹ́yìn yín. Níbo ni eléré jùjú tilẹ̀ máa ń dúró sí? Iwájú ni. Ẹnikẹ́ni kì í lu gángan lẹ́yìn ẹni tó jókòó, àfi onílù tó ń wá owó níná lẹ́yìn àga.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó. Ká fi ₦160,000 ṣe àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe pé iye ọjà nìyẹn. Nǹkan 8 ló wà nínú páálí tí a kà sílẹ̀ lókè yẹn. ₦20,000 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì yọ èrè olùtajà. Ẹni tó bá fi owó kan náà ra áńpù kan àti sípíkà méjì, tí fóònù tó ti ní tẹ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ orin, nǹkan 3 ni owó rẹ̀ bá, ó lé ní ₦53,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yìí ń hàn lára pákó tó nípọn àti mágínẹ́ẹ̀tì tó wúwo. Sípíkà tí ẹnu rẹ̀ kò ju ìnṣì 3 lọ kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó, nítorí náà wúfà ni yóò máa ru gbogbo ẹrù ìsàlẹ̀. Ohùn á tín-ín-rín lókè, á máa dún gbì-gbì nílẹ̀. Àárín, níbi tí ohùn ènìyàn àti ìlù wà gan-an, á ṣófo.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí dá yín níjì. Wọ́n lè kọ 10,000 watt PMPO síbẹ̀; RMS ni kí ẹ wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, ẹ ka àkọlé kékeré tó wà níbi tí wáyà iná ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ 60 watt ló ń jẹ, níbo ni yóò ti máa rí 10,000 pọ̀ jáde? Fún pálọ̀ ẹsẹ̀ 12 sí 14, 30 watt RMS fún sípíkà kọ̀ọ̀kan tó orin. Nọ́ńbà mìíràn wà tí olùtajà kì í sábà sọ, ìyẹn dB. Sípíkà tó jẹ́ 90 dB yóò fi 25 watt dún tó bí èyí tó jẹ́ 87 dB ṣe máa fi 50 watt dún. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà gbọ́ orin mọ ohun tí à ń sọ. (Ẹni tó bá ń háyà sípíkà fún òde ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.)

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gba orin tí olùtajà bá fi sí i; ó ti mọ èyí tí yóò bo àléébù ọjà rẹ̀. Orin tí ẹ mọ̀ dunjú ni kí ẹ mú lọ. Ẹ ní kí ó pa gbogbo bọ́tìnnì tó ń fi béèsì kún un. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyáàlù dùndún. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá mọ ohun tí onílù náà ń wí, tí ó wá di gbùn-gbùn lásán lẹ́nu sípíkà yìí, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà dán bí góòlù. Àwa kò mọ ìdánwò tó rọrùn ju èyí lọ fún ọmọ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń gbá ara igbá, kó má dà bí ẹni ń din ẹran. Gìtá béèsì ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ lè fi ẹnu kọ ohun tó ń ta, ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ẹ wá dúró láàárín sípíkà méjèèjì. Olórin gbọ́dọ̀ máa kọrin láti àárín, níbi tí ẹ kò rí nǹkan kan. Bí kò bá sí láàárín, tí béèsì náà sì rù, ẹ wò ó bóyá wọ́n so wáyà ọ̀kan sódì. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú ni.

Ní èrò tiwa, tòkunbọ̀ ni ó sàn jù fún olówó kékeré, bí ó bá lè fara balẹ̀ wò ó. Fóòmù tó yí ẹnu sípíkà ká máa ń jẹrà láàárín nǹkan bí ọdún 10 sí 20. Bí ó bá ń fọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ ìka yín, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Rọ́bà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti ẹnu rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbọ́ kírí-kírí, okùn inú rẹ̀ ti ń ha mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ má rà á. Ní ti áńpù, ẹ ka volt tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 120, ti Japan 100, iná tiwa sì jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá ti irú rẹ̀ bọ iná láìsí tìráńsífọ́mà, èéfín ni orin àkọ́kọ́ tí yóò jáde. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà sípíkà náà kí ẹ tó sanwó: bàbà máa ń pupa dé inú, ayédèrú máa ń funfun.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má gbá a mọ́ kọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ fà á kúrò lára ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ kan sí méjì, ẹ gbé e sókè dé ọ̀gangan etí ẹni tó jókòó. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ 6 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ jókòó ní nǹkan bí ẹsẹ̀ 6 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́tìnnì àti kápẹ́ẹ̀tì máa ń pa ariwo tí táìsì àti gíláàsì fèrèsé ń dá padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá kúrò lórí márùn-ún, kí ó ra áńpù tó ní ojú ihò márùn-ún báyìí, kí ó fi sípíkà gidi méjì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá san ẹ̀yáwó yìí tán, kí ó ra wúfà, nítorí orin ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn náà ti àárín, irú kan náà pẹ̀lú méjì àkọ́kọ́. Àwọn ti ẹ̀yìn ni kó gbẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ etí, kó sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ̀rọ náà lára, kí olùtajà sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí i. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé, kí a lè so ó mọ́ ìwé ẹ̀yáwó yín.