Kókó kan yọ lẹ́nu ajá yín: ẹ má tíì fọwọ́ kàn án

 

Ká ní Mopa lẹ ń gbé, ẹ sì ní ajá kan tó ń bá yín lọ oko, tó sì ń rìn káàkiri àdúgbò bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ kan, ajá yán, ẹ wá rí ohun pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì rẹ̀. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Ẹnì kan ní kí ẹ fi abẹ gé e dànù. Ẹlòmíì ní eegun ló há sí i, kí ẹ tiwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ yọ ọ́.

Ẹ dúró ná. Ajá tó ní àrùn dìgbòlugi lè ṣe bíi pé eegun há a lọ́fun: àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ, itọ́ á máa dà, kò ní lè gbé oúnjẹ mì, ohùn tó fi ń gbó á yí padà. Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré géèyàn jẹ o! Inú itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé, egbò kékeré tó wà lọ́wọ́ yín sì tó o wọlé. Bí àmì àrùn yìí bá ti yọ lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí onítọ̀hún tó yè é. Tí itọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ bá kan ojú egbò yín, tàbí tó gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Tó bá wá jẹ́ pé ajá yín ń jẹun, ó ń ṣeré, kókó yẹn nìkan ni ìṣòro ńkọ́? Ó lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ọmọ ajá, tí kókó náà pọ̀, tó kéré, tí orí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi ṣàkì màlúù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì kan tí kì í ran èèyàn. Ara ajá fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń lé e lọ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ajá tó ti dàgbà, tí kókó náà ń yára tóbi, tó dúdú tàbí tó ń mú kí eyín mì, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń sáré dé ẹ̀dọ̀fóró. Èyí ò ṣeé fi falẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹta ló yani lẹ́nu jù: jẹjẹrẹ tí ajá kan ń kó ran ajá mìíràn, tí wọ́n ń pè ní CTVT. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣí láti ara ajá kan lọ sí ara òmíràn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Lọ́dún 1876, Novinsky, dókítà ẹranko kan ní Rọ́ṣíà, mú un láti ara ajá kan sí ara òmíràn, ó sì hù. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ DNA rẹ̀ wò: kò bá ti ajá tó gbé e mu! Lọ́dún 2019, wọ́n yẹ 546 irú kókó yìí wò láti orílẹ̀-èdè 43, wọ́n sì rí i pé ara ajá kan ṣoṣo ní Éṣíà ni gbogbo wọn ti wá, ní ọdún 4,000 sí 8,500 sẹ́yìn. Ajá yẹn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣì ń rìn kiri.

Báwo ló ṣe wá dé ẹnu? Ẹ ṣáà mọ ìwà ajá: wọ́n ń gbóòórùn ojú ara àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń lá a. Nínú nǹkan bíi 2,000 ajá tí wọ́n gbé yẹ̀ wò nínú ìwádìí kan lọ́dún 2022, 32 ló ní in ní imú tàbí ẹnu, 27 nínú wọn sì jẹ́ akọ.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé oògùn tó ń jẹ́ vincristine sábà máa ń wò ó sàn. Inú òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú kan, periwinkle, tí àwọn èèyàn ń gbìn sí iwájú ilé ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ se òdòdó yẹn fún ajá o, májèlé ni! Dókítà ẹranko ló ń gún oògùn náà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jò síta iṣan, ẹran ara ibẹ̀ á bàjẹ́.

Nítorí náà, kí lẹ máa ṣe? Ẹ fi fóònù ya kókó náà nígbà tí ajá bá ń yán, kí ẹ kọ déètì sílẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀. Ẹ so ó mọ́lé kó má baà kó o ran òmíràn. Kí ẹ wá lọ rí dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ti Ìbàdàn. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú kókó náà, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù wò ó, torí ojú lásán ò lè sọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tí ẹ bá sì ti dé ibẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè tẹ ajá yín lọ́dàá. Ajá tí kì í jẹ̀ kiri kì í sábà kó CTVT.