Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó iléèwé, NELFUND àti owó tó yẹ kó padà sápò

Ọmọ Bàrúwà ní Ìpájà tó wọ LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́ kì í ro owó iléèwé nìkan. Owó ọkọ̀ láti Ìpájà, gba Ìgàndò dé Ìyànà-Ìbà, ń dúró dè é láràárọ̀.

Owó iléèwé LASU ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Ní 2011, ìjọba Èkó gbé e kúrò ní ₦25,000, ó di ₦193,750 sókè, tàwọn mìíràn tó ₦348,750. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá títí Gómìnà Fáṣọlá fi dá a padà sí ₦25,000 ní 2014.

Lónìí, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ni ọ̀pọ̀ ń sá tọ̀. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 sọ owó rẹ̀ di ẹ̀yáwó tí kò lélé, tí kò sì béèrè onídùúró. Iléèwé aládàáni ò sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò béèrè NIN, BVN àti nọ́ńbà JAMB. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí orúkọ inú wọn bára mu.

Àpò iléèwé ni owó iléèwé tí wọ́n yá akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ tààrà. Owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, ló ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀bùn o! Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú àgùnbánirọ̀ ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ta kókó nìyí: òbí lè ti sanwó kí ti NELFUND tó dé. Owó méjì lórí ọmọ kan nìyẹn, NELFUND sì ti ní káwọn iléèwé dá èyí tí òbí san padà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì bọ́sà, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà lẹ́tà náà tí wọ́n lù lóńtẹ̀.