Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù Àtijọ́ fún Ìrìn-àjò Jíjìn

Ohun tí ó bá ń dán a máa fa ojú mọ́ra, àwọn tí ń ta alùpùpù àtijọ́ sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ìlú London, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, àwa a máa rí àlòkù BMW tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí a kùn ní ọ̀dà dúdú tí ó ń kọ mànà, tí a sì fa ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú rẹ̀ rin ìrìn-àjò jíjìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀dà náà dí òun lójú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ni èyí: Ta ni ó tú ẹ́ńjìnnì yìí kẹ́yìn, nígbà wo sì ni?

Ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn alùpùpù tí BMW ṣe láàrin ọdún 1960 àti 1969, bí R60/2 àti R69S, jẹ́ ohun èlò tí ó dára púpọ̀. Wọn kò ní ṣéènì tí í já lójú ọ̀nà. Ọ̀pá irin ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é kò fi asẹ́ sí ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀. Dípò asẹ́, wọ́n fi àwo irin pẹlẹbẹ méjì sí ara kíránkì, tí etí wọn ká wọ inú. Bí kíránkì ti ń yí, ọ́ìlì a fò lọ sí etí àwo, ìdọ̀tí tí ó wúwo a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, èyí tí ó mọ́ a sì kọjá lọ sí bíárìn tí apá písítínì jókòó lé. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n etí àwo ní ìwọ̀n. Ní ọjọ́ tí ìdọ̀tí bá kún un, yóò dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà, bíárìn tí kò rí ọ́ìlì yóò gbóná, yóò sì jẹ.

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè yọjú wo àwọn àwo náà láti òde, bẹ́ẹ̀ ni pípààrọ̀ ọ́ìlì kò lè fọ̀ wọ́n. A ní láti tú gbogbo ẹ́ńjìnnì kí a sì yọ kíránkì jáde. Iṣẹ́ àgbà mẹkáníìkì ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aago tí ń ka máìlì, nítorí aago ṣeé pààrọ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá ní ìwé mẹkáníìkì tí ó fi hàn pé a ti fọ àwọn àwo náà, ọ̀rọ̀ yá. Bí kò bá ní, ẹ yọ owó títú ẹ́ńjìnnì kúrò nínú iye tí ó pè kí ẹ tó na ọwọ́. Yóò wí fún yín pé, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ti tutù tó." Ohùn rẹ̀ lè tutù títí di àárọ̀ ọjọ́ tí yóò dákẹ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, kí ó wo àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, tí a ṣe ní Spandau ní Berlin láti ọdún 1969 títí di 1973. Àwọn wọ̀nyí ní asẹ́ ọ́ìlì, iná wọn sì jẹ́ fóòtì 12 dípò 6. Lójú tiwa, R75/5, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 50, ni ó yẹ ẹni tí ó fẹ́ gun alùpùpù rẹ̀, tí kò kàn fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún àlejò wò. Èyí tí ó jáde kẹ́yìn, ní ọdún 1973, fi nǹkan bí ínǹṣì 2 gùn ju ti ìṣáájú lọ, ó sì dúró ṣinṣin jù ú lọ lórí eré. Àléébù tirẹ̀ wà níbi eyín irin tí ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí í jẹ bí a kò bá fi gíríìsì sí i. Ẹ bẹ olówó rẹ̀ kí ó yọ ẹsẹ̀ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Bí eyín náà bá ti mú ṣóńṣó bí ti ayùn, ó ti jẹ tán.

Àwọn kan yóò bi wá nípa Honda Gold Wing tí ó jáde ní ọdún 1975. Ó tó rìn jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kí a sọ fún yín, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì méjèèjì tí ó wà níwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, fáàfù àti písítínì yóò kọlu ara wọn.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí a tó tan án. Bí ó bá ti gbóná, a ti tan án kí ẹ tó dé, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì bá ara wọn mu, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n lára àwọn BMW wọ̀nyí nígbà tí wọ́n kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìwé V5C ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sọ ọ́ lójú ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ẹ gba ìwé owó. Lẹ́yìn náà ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2315 ni ọ̀sẹ̀ 23 ti ọdún 2015. Bí táyà bá ti pé ọdún mẹ́wàá, bí ó tilẹ̀ dàbí tuntun, ẹ ka owó méjì tuntun mọ́ iye alùpùpù náà.