Ooru àti Iṣẹ́ Ìkọ̀kọ̀ Inú Ilẹ̀

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ewé tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ nínú oko a máa jẹrà, a sì di ilẹ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń jẹ ẹ́? Àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí, àti olú, àti gbòǹgbò igi, a máa tú ohun kan sínú ilẹ̀ tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Òun ni ó ń gé ewé àti pòròpórò sí wẹ́wẹ́, títí oúnjẹ inú wọn yóò fi di ohun tí irúgbìn lè fà mu. Irú rẹ̀ wà nínú itọ́ wa pẹ̀lú: bí a bá jẹ iṣu pẹ́ lẹ́nu, a ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí dùn.

Ooru a máa mú iṣẹ́ yìí yá. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi láti fi ṣe fùfú: ní ìgbà ọyẹ́ ó pẹ́ kí ó tó rọ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà ooru kì í pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ilẹ̀. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, iṣẹ́ náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: bí ilẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ a dúró, bí ooru bá sì pọ̀ jù, ẹ́ńsáìmù a bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyin ti í yí padà lórí iná.

Ẹnìkan lè wí pé ooru dára nígbà náà. Òtítọ́ ni, fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó ń yára ná owó ju bí ó ti ń rí i lọ yóò di òtòṣì. Bí ọ̀rá ilẹ̀ bá yára tú, púpọ̀ nínú rẹ̀ a di irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, a sì bá òfuurufú lọ. Ní erékùṣù Barro Colorado ní ilẹ̀ Panama, àwọn onímọ̀ mú ilẹ̀ igbó gbóná sí i ní ìwọ̀n 4 fún ọdún méjì. Ìròyìn wọn ní ọdún 2020 sọ pé afẹ́fẹ́ yìí tí ń jáde nínú rẹ̀ fi ìdá 55 nínú 100 pọ̀ ju ti ilẹ̀ tí a kò mú gbóná. Afẹ́fẹ́ náà sì ni ó tún ń fi kún ooru ayé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè. Ẹ má sun pòròpórò. Ẹ dá igi díẹ̀ sí fún ìbòòji. Ní ọ̀sán gangan, ẹ ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ tí a bò, kí ẹ sì kì í bọ èyí tí a kò bò. Ọwọ́ yín ni yóò jẹ́rìí.