Rọ́bà Kékeré Tí Ẹ̀mí Èrò Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, awakọ̀ takisí kan gbéra ní Kétu, ó dorí kọ Pọ́bẹ̀. Èrò kún inú ọkọ̀ rẹ̀; àpò gàrí àti agbọ̀n tòmátì kún ẹ̀yìn. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ewúrẹ́ kan fi já sójú títì. Awakọ̀ tẹ ìjánu. Ọkọ̀ náà kò dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ńṣe ni ó fà sí apá òsì lójijì, àfi bí ẹni pé ẹnì kan já ìdarí gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sì ń bọ̀ níwájú.

Akẹ́rù náà yà fún un. Takisí dúró, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó pọn ọmọ sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun kò lọ mọ́. Ó san owó ibi tí ọkọ̀ gbé e dé, ó sì jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń retí ọkọ̀ mìíràn.

“N kò bínú sí i,” ni awakọ̀ náà sọ nígbà tí a bá a ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. “Bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo ń wa ọkọ̀ náà, èmi pàápàá ìbá sọ̀kalẹ̀.”

Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́, nígbàkigbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò. Ó rò pé ìjánu ni, ó tún ìjánu ṣe. Ó rí i pé etí kan táyà iwájú ti jẹ, ó ra táyà tuntun méjì. Ìró náà kò dákẹ́. Èyí tí ó dùn ún jù ni pé oṣù mẹ́fà péré ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ náà fún un ní ibòmíràn. Rọ́bà tuntun ni wọ́n fi sí i. Kí ló dé tí ó tún ya kíákíá bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Kí ni rọ́bà náà ń ṣe?

Bí a bá wo abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré níwájú, a óò rí apá irin méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Orí kan apá náà so mọ́ ara ọkọ̀. Orí kejì so mọ́ ibi tí táyà wà. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, apá náà á lọ sílẹ̀. Bí ó bá gun òkìtì, apá náà á lọ sókè. Bí èjìká wa ṣe ń jẹ́ kí á gbé apá sókè kí á sì sọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé tí ó so apá irin mọ́ ara ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Inú oríkèé yìí ni rọ́bà wà. Àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ń pè é ní sílánbúlọ́ọ̀kù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Faransé. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé kì í jẹ́ kí irin máa lu irin. Ó kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Òrùka irin kan wà lóde, òrùka kékeré kan wà nínú, rọ́bà líle sì wà láàrin wọn, ó lẹ̀ mọ́ méjèèjì.

Bóòtù gba inú òrùka kékeré kọjá, ó sì dè é pinpin mọ́ ara ọkọ̀. Nítorí náà, òrùka inú kì í yí rárá. Òrùka òde ni ó ń bá apá irin lọ sókè lọ sílẹ̀. Rọ́bà tí ó wà láàrin wọn ni ó ń lọ́, tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Kì í yọ̀, kì í yí bí àgbá. Lílọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

Rọ́bà náà tún ní iṣẹ́ mìíràn. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, táyà fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ṣì fẹ́ máa lọ. Rọ́bà yìí wà lára ohun tí ó di táyà mú sí ààyè rẹ̀. Bí ó bá ya, apá irin á sún, táyà á yà kúrò ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ọkọ̀ á sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ohun tí ó ń bà á jẹ́

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń gbé wa ká ni ó ti dàgbà kí ó tó dé èbúté Kútọnu. Peugeot 504 tí àwọn bàbá wa fi ná ọjà, ọdún 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Toyota Carina tí awakọ̀ wa yìí ń wà, ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀. Irin lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ooru ń mú kí rọ́bà le, kí ó sì máa sán. Epo tí ó ń jò láti inú ẹ̀rọ ń mú kí ó wú, kí ó sì rọ̀. Ojú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí ó ti rí bí ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ ń lọ́ ọ láìsinmi. Ẹrù àpọ̀jù ń tẹ̀ ẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kòtò ńlá kan ṣoṣo tí a fi eré bọ́ sí sì lè ya èyí tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n

Àmì àkọ́kọ́ ni ìró. Bí ọkọ̀ bá ń rọra gun òkìtì tí wọ́n ṣe láti dín eré kù, tí a sì gbọ́ kọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí á fura. Èrò pàápàá lè gbọ́ ọ, kí ó sì sọ fún awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àmì kejì ni pé ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá tẹ ìjánu. Ẹ̀kẹta ni pé ìdarí kò dúró ṣinṣin. Awakọ̀ ní láti máa tọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì lórí títì tí ó tẹ́jú. Ẹ̀kẹrin ni pé etí kan táyà ń jẹ ju èkejì lọ.

Àmọ́, àwọn àmì wọ̀nyí lè wá láti ibòmíràn pẹ̀lú: láti inú ìjánu fúnra rẹ̀, láti inú amọ́tísẹ́ẹ̀, tàbí láti inú rótúùlù, èyíinì ni oríkèé tí ó wà ní ìhà táyà. Nítorí náà, kí á má kàn ra nǹkan. Kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó fi ọ̀pá irin rọra sún apá náà síwájú sẹ́yìn, kí ó sì fi iná wo rọ́bà rẹ̀. Bí rọ́bà bá ti ya, tí ó ti ṣí kúrò lára irin, tàbí tí apá irin náà ń mì fàlàfàlà, a ti rí ohun tí ó ń dún.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Mẹkáníìkì tí a bá ní Kétu fi iṣẹ́ náà hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò kánjú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì dúró tì í.

Ó kọ́kọ́ fi òkúta dá àwọn táyà ẹ̀yìn dúró. Ó fi kírííkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, lẹ́yìn náà ó gbé ìdúró irin líle sábẹ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní: “Kírííkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún sísùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kírííkì nìkan gbé dání, ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.”

Ó tú táyà, ó tú rótúùlù, ó tú àwọn bóòtù, ó sì yọ apá irin jáde. Kí ó tó yọ rọ́bà àtijọ́, ó fi ẹfun fa ìlà sí ara irin láti fi mọ bí rọ́bà náà ṣe dojú kọ. Àwọn rọ́bà kan wà tí wọ́n ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ihò náà kì í ṣe àbùkù. Wọ́n ṣe é kí rọ́bà lè rọ̀ níhà kan, kí ó sì le níhà kejì. Bí a bá yí i sódì, ọkọ̀ kò ní rìn bí ó ti yẹ.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni ó fi ti rọ́bà àtijọ́ jáde. Àwọn kan máa ń fi iná sun ún kí ó lè tètè bọ́. Èyí kò dára. Èéfín rọ́bà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, iná sì lè ba irin jẹ́. Bákan náà ni òòlù tí a fi agbára lù lè wọ́ apá náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó fọ ojú ihò náà, ó ha ìpẹtà kúrò, ó fi omi ọṣẹ díẹ̀ ra ojú rọ́bà tuntun kí ó lè wọlé. Kò lo epo ẹ̀rọ, kò lo gíríìsì, nítorí ọ̀tá rọ́bà ni wọ́n. Nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, òrùka òde nìkan ni ó tẹ̀. Kò fi agbára kan òrùka inú. Ó sì ṣe ọ̀tún, ó ṣe òsì. Ó ní bí ọ̀kan bá ti gbó, èkejì kò lè jẹ́ ọmọdé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí àṣìṣe wà

Ibi tí a dé yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè awakọ̀ wa wà. Mẹkáníìkì náà dá apá irin padà, ó ki àwọn bóòtù bọ ihò wọn, ṣùgbọ́n kò de bóòtù rọ́bà pinpin. Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú sípánà dání. Ọ̀gá ní: “Dúró! Ilẹ̀ ni a ti ń dè é.”

Ẹ rántí pé lílọ́ ni iṣẹ́ rọ́bà náà. Bí ọkọ̀ bá wà lókè, táyà á rọ̀ sílẹ̀, apá irin á tẹ̀ sísàlẹ̀. Bí a bá de bóòtù pinpin ní ipò yẹn, ipò yẹn ni rọ́bà á mọ̀ sí ìsinmi. Nígbà tí a bá sọ ọkọ̀ sílẹ̀, apá irin á gòkè, rọ́bà á sì lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Ní lílọ́ ni yóò wà tọ̀sán-tòru. Ṣe ni ó dà bí ẹni tí ó yí ọrùn sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọrùn á máa dùn ún. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí á fi kún lílọ́ náà, títí rọ́bà tuntun yóò fi ya láìtọ́jọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ wa gan-an nìyẹn. Ó rántí dáadáa pé nígbà àkọ́kọ́, òkè ni ọkọ̀ wà nígbà tí wọ́n de gbogbo bóòtù. Owó rẹ̀ kò lọ sí rọ́bà burúkú. Ó lọ sí bóòtù tí a dè lásìkò tí kò yẹ.

Mẹkáníìkì wa dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tì í síwájú sẹ́yìn, kí wọ́n sì tẹ iwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó wọ inú kòtò iṣẹ́, ó sì de àwọn bóòtù náà pinpin nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní kòtò lè gbé kírííkì sábẹ́ apá irin, lẹ́bàá táyà, kí ó gbé e dé ibi tí ó máa ń wà bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kí ìdúró irin ṣì wà lábẹ́ ara ọkọ̀, kí ó tó dè é.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ náà ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bóyá àwọn táyà iwájú kọjú sí ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá fi èyí sílẹ̀ lè rí i pé táyà rẹ̀ tuntun tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní etí kan.

Ohun tí ẹ lè bi mẹkáníìkì yín

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò ní láti mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta, láìfi ti àrífín ṣe. Àkọ́kọ́: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè rí rọ́bà àtijọ́ náà?” Ẹ̀kejì: “Ṣé ọ̀tún àti òsì ni ẹ pààrọ̀?” Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù: “Ṣé ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà nígbà tí ẹ de bóòtù?” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ mọ ohun tí ó ń sanwó fún.

Awakọ̀ wa ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà sínú rẹ̀, àti iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: “Ilẹ̀ ni a ti dè é.” Ó ní ìró náà ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi tí ìyá ọlọ́mọ náà ti sọ̀kalẹ̀, ó ṣì máa ń dín eré kù, ó sì máa ń dẹ etí sí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.