Àdàbà Kì Í Ṣe Ẹyẹ Kan Ṣoṣo: Bí A Ṣe Lè Dá Ìdílé Ẹyẹlé Mọ̀ Láti Ọmọ Dé Àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹni tí ó bá dúró létí oko ní ìgbà ọyẹ́ ní Òkè-Oyi, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, yóò rí i pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bí iná bá ti jó koríko tán tí ilẹ̀ sì tutù, àwọn àdàbà a padà wá ṣa èso tí ó kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pé: àdàbà wo ni? Irú ẹyẹ bí mélòó kan ni ọ̀pọ̀ wa ń fi orúkọ kan yìí pè. Bí àwa tí a ń kọ́ èdè kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, bí ọdẹ bá dárúkọ ẹyẹ mẹ́ta fún wa, "àdàbà" nìkan ni a óò kọ sílẹ̀. Orúkọ tí a kò kọ yóò sì bá àgbà wọ ilẹ̀.

Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀

Ìdílé kan náà ni ẹyẹlé, àdàbà àti òrofó. Bí wọ́n bá ń mu omi, wọn kì í gbé orí sókè bí adìyẹ. Ńṣe ni wọ́n ń ki ẹnu bọ omi, tí wọ́n sì ń fà á. Igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ìtẹ́. Ẹyin funfun méjì ni wọ́n sábà máa ń yé, nígbà mìíràn ẹyọ kan. Akọ a sàba, abo a sàba. Nítorí náà, òrofó inú òwe tí ó bí ọmọ mẹ́fà, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ polongo wọn, ẹ̀kọ́ nípa ẹnu ni ó ń kọ́ wa, kì í ṣe nípa iye ọmọ.

Ọmọ inú ìtẹ́

Ní ọjọ́ tí a pa ọmọ náà, ojú rẹ̀ kò tíì là. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ni ó wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ ọ̀pọ̀ ẹyẹ a máa ya ẹnu kí ìyá wọn fi kòkòrò sí i. Ti ọmọ ẹyẹlé yàtọ̀: òun ni yóò ki ẹnu tirẹ̀ bọ ẹnu ìyá tàbí bàbá rẹ̀, kí ó lè jẹ ohun funfun kan, bí wàrà tí kò tíì dì tán, tí ó ń wá láti inú àpò oúnjẹ ọrùn wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ jòjòló tí àwọn ọmọdé gbé láti inú ìtẹ́, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà gbígbẹ bọ́, fi ń kú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti fi í síbẹ̀.

Ní ìgbà yìí, ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ irú èyí tí ọmọ náà jẹ́. Ẹ wo ibi tí ìtẹ́ wà, kí ẹ sì dúró de òbí rẹ̀. Ọmọ àdàbà ilé a máa kúrò nínú ìtẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ti ẹyẹlé ilé a tó oṣù kan.

Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fò

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Àmì ọrùn tí a fi ń mọ àgbà kò tíì yọ dáadáa lára ọmọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò dán, etí ìyẹ́ rẹ̀ sì máa ń mọ́ tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá rí àdàbà tí kò ní àmì lọ́rùn, ẹ má ṣe yára sọ pé irú tuntun ni.

Àgbà

Àdàbà tí ó ń rìn ní àgbàlá wa kò ní ẹ̀gbà dúdú lẹ́yìn ọrùn. Tótòtó dúdú ni ó wà níwájú ọrùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Linnaeus ni ó fi orúkọ Senegal pè é ní 1766, èyí ni a fi ń pè é ní Spilopelia senegalensis.

Àwọn tí ó ní ẹ̀gbà dúdú lẹ́yìn ọrùn ni Streptopelia. Èyí tí ó kéré, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ó ń kó ara jọ lóko ọkà, ni vinacea. Èyí tí ó tóbi jù, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó fẹ́ràn igi ńlá etídò, ni semitorquata.

Ẹyẹlé igbó, Columba guinea, pọ́n yí ojú ká, tótòtó funfun sì wà ní apá rẹ̀. Orí ọ̀pẹ, àpáta tàbí abẹ́ òrùlé ni ó ń gbé. Ojú ọmọ rẹ̀ kò tíì pọ́n.

Àwọn kékeré inú igbó, Turtur, ní tótòtó tí ń dán lápá. Bí wọ́n bá fò, apá wọn a pọ́n. Bí ẹnu bá dúdú, abyssinicus ni. Bí ẹnu bá pọ́n, afer ni.

Ti òrofó kò ṣòro: ara rẹ̀ rí bí ewé tútù, itan rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, bí ẹni pé ó wọ ṣòkòtò. Ẹ wá a lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí ó so. Ọmọ rẹ̀ náà jọ ewé, ṣùgbọ́n kò dán tó ti àgbà.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Bí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a bá ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kan lọ sí oko ní òwúrọ̀. Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan béèrè orúkọ. Kí ó na ọwọ́ sí ẹyẹ náà. Èmi máa ń kọ ohun mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ: ọrùn, ojú, ohùn àti ibi tí ẹyẹ wà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti Òkè-Oyi dé Òǹdó, ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan yóò fi orúkọ tirẹ̀ hàn wá, a ó sì mọ̀ bóyá ẹyẹ kan náà ni wọ́n ń pè.