Ọpọlọ Nìkan Ò Tó: Ohun Tó Ń Sọ Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Mọ̀wé Di Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan máa ń fi kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀: "Wo ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ, wo ẹni tó jókòó lápá òsì. Kí ẹ tó parí, ẹnì kan nínú yín á ti lọ." Bóyá ìwọ náà ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà kálukú á já.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹni tó máa ń lọ yẹn lè máà jẹ́ olódo rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun gan-an ló ń gba ipò kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó gba A nínú ìṣirò, ó gba A nínú kẹ́mísírì, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní dókítà. Ó wá dé yunifásítì, ìdánwò àkọ́kọ́ gbé e ṣubú, ojú tì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti yí kọ́ọ̀sì padà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ tó ní tẹ́lẹ̀?

Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi ojú sáyẹ́ǹsì wo ìbéèrè yìí láti nǹkan bí ọdún 50 sẹ́yìn. Ìdáhùn tí wọ́n rí lè wúlò fún ẹ, ì báà jẹ́ Ifẹ̀ lo wà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Baltimore.

Ẹni tó tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi ìkàwé

Láàárín àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California, ní Berkeley. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ló ń fìdí rẹmi nínú kálíkúlọ́ọ̀sì, ìyẹn ìṣirò tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà tàbí físíìsì gbọ́dọ̀ là kọjá. Àwọn ọmọ tí ìran wọn wá láti Ṣáínà sì ń yege. Ó bi àwọn olùkọ́ léèrè ohun tó fà á. Àwọn kan ní àwọn ọmọ yẹn ò múra sí ìwé. Àwọn kan ní ilé ìwé tí wọ́n ti wá ò dáa. Àwọn míì ní àwọn òbí wọn ò ka ìwé sí, tàbí pé owó ni ò sí.

Treisman ò bá wọn jiyàn. Ó yan ọmọ 20 látinú ìhà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ lé wọn dé yàrá, ó tẹ̀ lé wọn dé ibi ìkàwé, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kàwé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbogbo àlàyé tí àwọn olùkọ́ ṣe ló fọ́ yángá. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn òbí wọn ò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré rárá. Kódà, àwọn kan tí máàkì wọn ga gan-an nígbà tí wọ́n wọlé wà lára àwọn tó fìdí rẹmi.

Ibòmíì ni ìyàtọ̀ wà. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń dá kàwé ni. Wọ́n á jáde ní kíláàsì, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn, bí wákàtí 8 lọ́sẹ̀. Wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ìgbafẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìwé. Àwọn ọmọ Ṣáínà ń lo bí wákàtí 14. Wọ́n á kọ́kọ́ dá kà, tó bá di alẹ́ wọ́n á kóra jọ, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n á sì jọ ṣe ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Tí ẹnì kan bá ṣìṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń dá kàwé kì í mọ̀ pé òun ti ṣìnà títí máàkì á fi jáde.

Treisman wá dá ẹgbẹ́ ìṣirò kan sílẹ̀. Kò pè é ní ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn tí ò mọ̀wé. Ibi tí àwọn tó fẹ́ dáńgájíá ti ń pàdé ló pè é, ìṣirò tó le ju ti kíláàsì lọ ló sì ń gbé síwájú wọn kí wọ́n jọ forí korí ṣe. Àwọn tó wọ ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yege, ọ̀pọ̀ yunifásítì míì sì fara wé e.

Àwọn ọmọ 19 ní Baltimore

Ní 1988, Freeman Hrabowski, onímọ̀ ìṣirò kan ní yunifásítì UMBC, lẹ́bàá ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland, wá ọ̀nà láti fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú. Ọmọ Birmingham ní Alabama ni. Ní 1963, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, ó bá àwọn ọmọdé wọ́de ta ko òfin tó ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í ṣe eré lójú ẹ̀.

Ó pàdé Robert Meyerhoff, ọlọ́rọ̀ kan tó ń kọ́lé ní Baltimore. Ó ń dun Meyerhoff pé tí ìròyìn bá ti kan ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn tàbí ti eré ìdárayá ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Jane, fowó sílẹ̀, bí ètò Meyerhoff Scholars ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ 19, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, ló kọ́kọ́ wọlé ní 1989. Ní 1990, wọ́n gba obìnrin. Ní 1996, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ àwọ̀ yòówù tó bá fẹ́ kí ojú tó ń pọ́n aláwọ̀ dúdú nínú sáyẹ́ǹsì dínkù.

Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ owó kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é:

- Ọ̀sẹ̀ 6 kí ilé ìwé tó wọlé. Àwọn ọmọ tuntun á máa gbé pọ̀, wọ́n á máa kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pa pọ̀. Kí kíláàsì gidi tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ̀lẹ́bí.
- Kíkàwé pọ̀ jẹ́ ojúṣe. Ẹni tó gba A tó fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kó máa rì, kò tíì yege lójú wọn.
- Láàbù láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní kó o dúró de ọdún tó o máa ṣe próójẹ́ẹ̀tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Summers, tó ń wádìí bí kòkòrò HIV ṣe rí nínú lọ́hùn-ún, wà lára àwọn tó ń kó ọmọ tí ò tíì gboyè àkọ́kọ́ wọ láàbù.
- Àgbà tó mọ̀ ẹ́ lórúkọ. Olùgbaninímọ̀ràn wà, olùtọ́nisọ́nà tí gbogbo wa ń pè ní mẹ́ńtọ̀ náà wà. Wọ́n máa ń pe àwọn òbí náà sí ọ̀rọ̀ náà.

Hrabowski fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn baba wa náà ṣáà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn lo ń wá lọ́dọ̀ mẹ́ńtọ̀: àṣìṣe tó ti ṣe, ìwádìí tó ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀nà tó ti rìn tó rí i pé kò já síbì kankan.

Ṣé ètò náà ló ṣiṣẹ́, àbí àwọn ọmọ náà ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè gidi nìyí. Tó o bá ṣa àwọn tó mọ̀wé jọ, tí wọ́n sì yege, kí lo ṣe? Àwọn olùwádìí UMBC náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n gbà wọlé àmọ́ tí wọ́n ní àwọn ò wá, tí wọ́n gba yunifásítì míì lọ, ni wọ́n fi àwọn Meyerhoff wé. Ìhà méjèèjì ló mọ̀wé, ìhà méjèèjì ni wọ́n mú. Ẹni tó wá fi nǹkan bí ìlọ́po 5 ju ẹni tí ò wá lọ nínú bíbá sáyẹ́ǹsì dé ìpele oyè ọ̀mọ̀wé.

Ó ṣì ku ìyẹn: bóyá nǹkan kan wà nínú Baltimore ni, tàbí nínú Hrabowski fúnra ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ ni pé kí àwọn ẹlòmíì ṣe é níbòmíì. Yunifásítì Penn State àti Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill gbìyànjú ẹ̀, ilé iṣẹ́ Howard Hughes Medical Institute sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 2019, àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science: àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí níbi méjèèjì ń ṣe dáadáa bíi ti UMBC. Kì í ṣe idán ẹnì kan. Ètò ni.

Ọmọ Meyerhoff kan tí gbogbo ayé jàǹfààní ẹ̀

Kizzmekia Corbett jáde ní UMBC ní 2008. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló ti ń lọ kọ́ṣẹ́ ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ní láàbù Dókítà Barney Graham. Ó lọ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Chapel Hill, ó sì padà sọ́dọ̀ Graham ní 2014, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ìdílé kòkòrò kòrónà nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀. Nígbà tí COVID-19 dé ní 2020, wọ́n ti mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n de ẹ̀gún ara kòkòrò náà mọ́lẹ̀ kí ara èèyàn lè dá a mọ̀. Iṣẹ́ wọn wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna. Ní March 16, 2020, nǹkan bí ọjọ́ 66 lẹ́yìn tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ àbùdá kòkòrò náà jáde, wọ́n gún ẹni àkọ́kọ́ tó yọ̀ǹda ara ẹ̀ fún ìdánwò ní abẹ́rẹ́ náà.

Ohun tó yẹ kó o rí níbẹ̀ ni pé mẹ́ńtọ̀ tó pàdé nígbà tó ṣì wà ní kékeré ló tún padà di ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó gbẹ̀mí là.

Kí lo lè ṣe níbi tó o wà?

O lè sọ pé, "Ilé ìwé tèmi ò ní Meyerhoff, kò tiẹ̀ níná." Òótọ́ ni. Àmọ́ apá tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ò ná ẹ lówó.

*Wá ẹni mẹ́ta.* Ìwọ àti àwọn mẹ́ta tó múra síwèé ti tó. Ẹ kọ́kọ́ dá kà, kí ẹ tó pàdé. Ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti ń kọ́ gbogbo ìyókù ti di kíláàsì nìyẹn. Ẹ mú ìbéèrè tó le, kí oníkálukú ṣàlàyé tiẹ̀ sókè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

*Lọ bá olùkọ́ kí wàhálà tó dé.* Má dúró de ìgbà tí carryover bá yọjú. Ka iṣẹ́ kan tí olùkọ́ náà ti tẹ̀ jáde, kó o wá kọ̀wé ṣókí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ ọdún kejì ní ẹ̀ka bàólọ́jì ni mí. Mo ka iṣẹ́ yín lórí ẹ̀fọn, ohun tí ò yé mi ni bí ẹ ṣe kà wọ́n. Ṣé mo lè wá fún ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ yìí?" Nǹkan kékeré ni kó o tọrọ. Tí kò bá dáhùn, kọ̀wé sí ẹlòmíì. Ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ náà lè jẹ́ mẹ́ńtọ̀, òun ló sì ráyè jù.

*Má fi SIWES ṣòfò.* Oṣù 6 yẹn ni láàbù tìrẹ. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa rán ẹ níṣẹ́ oúnjẹ lo lọ, o ti pàdánù àǹfààní ńlá. Bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè látìgbà tí ìdánwò ò tíì dé.

*Mọ ohun tí lẹ́tà ń bèèrè.* Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà máa ń san owó ilé ìwé, wọ́n á sì tún fún ẹ lówó oúnjẹ. Àmọ́ wọ́n á béèrè lẹ́tà, ó sábà máa ń tó mẹ́ta, lọ́wọ́ àwọn tó mọ bó o ṣe ń ronú. CGPA 4.50 ò lè kọ lẹ́tà. Olùkọ́ tó jẹ́ pé nọ́ńbà matiríìkì rẹ nìkan ló mọ̀ ò lè kọ èyí tó nítumọ̀.

Ìkìlọ̀ kan: mẹ́ńtọ̀ gidi kì í ní kó o máa wá sílé òun lálẹ́, kì í béèrè ohun tí ò ṣeé sọ létí òbí rẹ, kì í sì í fi máàkì halẹ̀ mọ́ni. Tó o bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, sọ fún ẹni tó o fọkàn tán, kó o sì kúrò níbẹ̀.

Tó o bá sì ti wà ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, o ti di àgbà fún ẹnì kan. Ọmọ 100 level kan wà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yín báyìí tó gba A mẹ́jọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí máàkì ìdánwò ẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì ti ń rò ó pé bóyá òun ò mọ̀wé rárá. Lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, kó o ní kó gbé ìwé ẹ̀ wá, kẹ́ ẹ jọ wò ó.